Bí Mo Ṣe Tún Force Feedback Sítíárìn Géèmù Mi Tò

Àlùmọ́gàjí màmá mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé sẹ́tìn mi ò dáa. Tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ ni mo máa ń de sítíárìn géèmù mi mọ́ lálẹ́, tí wọ́n bá ti palẹ̀ aṣọ oníbàárà mọ́. Lálẹ́ Sátidé kan, mo gun orí kẹ́ẹ̀bù, ìyẹn etí títì tó ga díẹ̀, nínú géèmù ọkọ̀ mi, sítíárìn gbọ̀n rìrì, tábìlì náà gbọ̀n, àlùmọ́gàjí bọ́ sílẹ̀, ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n yọjú láti yàrá: “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ilé ni o fẹ́ wó ni?” Èmi ni mo ra òmíràn.

Àdúgbò Adéníkẹ̀ẹ́ la wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí. Ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn tó ń kó lọ sílé ni mo ti ra sítíárìn náà ní àlòkù, Logitech G29. Fún ẹni tí kò bá rí i rí: mọ́tò wà nínú rẹ̀ tó ń fa ọwọ́ ẹni, ó sinmi lórí ohun tí táyà ọkọ̀ inú géèmù bá ń là kọjá. Òun ni wọ́n ń pè ní force feedback. Tí o bá kọ́kọ́ kì í mọ́ iná, yóò dá yí ara rẹ̀ sósì, yóò yí sọ́tùn-ún, yóò wá dúró sáàárín. Ọmọ àbúrò màmá mi fẹsẹ̀ fẹ nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Tí NEPA bá sì mú iná lọ, ó kú nìyẹn, kódà kí bátìrì láptọ́ọ̀pù kún, torí iná ara ògiri ló ń lò.

Bí mo ṣe gbé e délé, gbogbo ohun tí mo rí nínú sẹ́tìn Assetto Corsa, géèmù ìje ọkọ̀ tí mo ń ta, ni mo gbé sókè. Gain, ìyẹn àpapọ̀ agbára, 100. Minimum force, agbára tó kéré jù tó máa dé ọwọ́, 20. Road effects, kerb effects, slip effects, ìyẹn ìgbọ̀n àfikún fún ojú títì, kẹ́ẹ̀bù àti táyà tó ń yọ̀, gbogbo wọn 50. Èrò tèmi ni pé bó bá ṣe le tó ni yóò ṣe jọ ọkọ̀ gidi tó.

Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń fi Micra kó èrò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ ló já irọ́ yẹn. Wọ́n jókòó, wọ́n yí Monza, pápá ìje ọkọ̀ ti Ítálì, po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. “Ṣé aláímẹ́ǹtì ni ọkọ̀ yìí fẹ́ ni? Kí ló ń bá jà?” Lóòótọ́, lórí títì tó tọ́ gbọnrangandan, sítíárìn ń gbá ara rẹ̀ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ sósì sọ́tùn-ún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ìje ṣe ń ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tí òjò bá rọ̀, kì í ṣe ìwúwo ni àwọn ń fi ọwọ́ wá. Kí táyà iwájú tó yọ̀, sítíárìn á kọ́kọ́ fúyẹ́ lọ́wọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fa omi lọ́wọ́ nínú kànga tí korobá wá já kúrò nídìí okùn. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn lára, inú igbó ló máa bá ara rẹ̀. “Èyí tìrẹ ò fúyẹ́ rárá. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo kọ́kọ́ ṣí G HUB, áàpù tí Logitech fi ń to sítíárìn, mo fi ìyípo sí dígírì 900, ìyẹn yíyí méjì ààbọ̀ láti ìkángun kan sí èkejì. Mo pa centering spring, torí pé ó kàn ń fa sítíárìn sáàárín ni, kò mọ nǹkan kan nípa táyà. Ìyẹn ò gba ìṣẹ́jú méjì.

Mo wá wọ inú géèmù, mo dá minimum force padà sí 0. Ìjà yẹn dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, àmọ́ àárín gbùngbùn sítíárìn wá kú. Mo lè mì í díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìmọ nǹkan kan lára. Jíà ni mọ́tò inú rẹ̀ fi ń yí i. Agbára tó bá kéré jù, àárín àwọn jíà yẹn ló ń pin sí. Minimum force ló ń ti agbára kékeré yẹn lẹ́yìn kí ó lè dé ọwọ́. Tó bá sì pọ̀ jù, kò ní jẹ́ kí sítíárìn lè dúró jẹ́ẹ́. Mo ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbé e gòkè: mo á sún ọkọ̀ lọ lórí títì tó tọ́, mo á gbé ọwọ́ kúrò, mo á máa wò ó. 5, kò sí nǹkan. 9, ó ti ń tají. 14, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí 11.

Gain ló gba àkókò mi jù. Mọ́tò ò lè kọjá 100. Tí géèmù bá ní kó fa 130, 100 ló máa fà. Tó bá ní 160, 100 náà ni. Clipping lorúkọ rẹ̀. Ó dà bí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra kaṣú lọ́wọ́ àgbẹ̀: tí abẹ́rẹ́ bá ti dé ìparí, àpò kan ni o, àpò méjì ni o, ibì kan náà ló ń dúró sí. Áàpù kékeré kan wà nínú géèmù náà tó ń fi pẹ́dà hàn lójú: ọ̀pá búlúù fún kílọ́ọ̀ṣì, pupa fún búréèkì, àwọ̀ ewé fún èyí tí a fi ń sáré, àti ọ̀kan tó ní àwọ̀ eérú fún force feedback. Clipping ló ń sọ eérú yẹn di pupa.

Mo yan ọkọ̀ kan, BMW M3 E30, mi ò pààrọ̀ rẹ̀. Parabolica, kọ́nà ìkẹyìn ní Monza, ni mo dojú kọ. Ó gùn, ó lọ sọ́tùn-ún, táyà iwájú ò sì sinmi níbẹ̀. Lórí 100, ọ̀pá yẹn pọ́n láti ìgbà tí mo wọlé títí mo fi jáde. 85, ó ṣì pọ́n. 70, ó ń pọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo dé 62 ni pupa wá ku orí kẹ́ẹ̀bù nìkan, fìrí báyìí.

Ó rọ̀ lọ́wọ́. Ó tiẹ̀ dùn mí díẹ̀, bí ẹni pé mo ti sọ ọ́ di ohun ìṣeré ọmọdé. Ìgbà kẹta tí mo wọ Parabolica, eré mi pọ̀ jù, ọwọ́ mi ṣàdédé fúyẹ́. Mo yọ ẹsẹ̀ díẹ̀, ìwúwo padà wá, ọkọ̀ ò kúrò lójú títì. Korobá ẹ̀gbọ́n mi rèé!

Road àti slip effects, mo pa wọ́n. Mo fi 10 sílẹ̀ fún kerb torí mo fẹ́ràn ariwo rẹ̀. Iyọ̀ orí ọbẹ̀ tó ti níyọ̀ ni gbogbo wọn. Ọkọ̀ míì lè fẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, bọ́tìnnì + àti - tó wà lápá nọ́ńbà kíbọ́ọ̀dù ló ń tún ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe láìjáde kúrò lórí eré.

Ẹ̀gbọ́n mi yà wá bí wọ́n ṣe ti Ọ̀yọ́ dé lọ́jọ́ Túsìdeè. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mẹta láìsọ̀rọ̀, wọ́n wá ní, “Ó dáa. Èrò ọkọ̀ dà?”

Kí n má baà gbàgbé, mo fi ẹfun tí màmá mi fi ń sàmì sí aṣọ kọ 62 àti 11 sí etí tábìlì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi ń kígbe orúkọ mi: “Ta ló ni ìdí 62 yìí?”