Bí Mo Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Àkóso Ọ́fíìsì Dókítà ní Maryland

Nígbà tí mo pinnu láti kọ́ iṣẹ́ àkóso ọ́fíìsì dókítà, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ládùúgbò wa ní Maryland, irú èyí tí wọ́n ń pè ní community college, ni mo lọ. Mo kó ìwé ẹ̀rí WAEC mi dání, mo ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, mo sì kọ fọ́ọ̀mù FAFSA fún ìrànlọ́wọ́ owó ilé-ìwé.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni ti ọ̀rọ̀ ìṣègùn, nítorí pé inú èdè Gíríìkì àti Látìn ni wọ́n ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo rí i pé bí a ṣe ń fi «àì» ṣáájú «tọ̀» tó fi ń di àìtọ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe fi «an» ṣáájú «uria» tó fi di anuria. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: «hepat» ni ẹ̀dọ̀, «nephr» ni kíndìnrín.

Kóòdù àìsàn, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó dúró fún àìsàn kọ̀ọ̀kan, ló gba àkókò mi jù. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni àwọn ọ́fíìsì dókítà ní Amẹ́ríkà ti ń lo ìwé kóòdù tí wọ́n ń pè ní ICD-10-CM. Olùkọ́ fún wa ní àkọsílẹ̀ ẹnì kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín onípele kẹrin; mo kọ I10 fún ti àkọ́kọ́, mo sì kọ N18.4 fún ìkejì. Ó fa igi lé I10. Òfin ìwé náà ni pé bí àìsàn méjèèjì bá wà lára ẹnì kan, kí a kà wọ́n sí ohun tó tan mọ́ra, àfi bí dókítà bá kọ ọ́ pé wọn kò tan mọ́ra. Nítorí náà I12.9, kóòdù tó so ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ mọ́ àrùn kíndìnrín, ni yóò ṣáájú, N18.4 yóò sì tẹ̀ lé e. Mo padà sí àwọn òfin iwájú ìwé tí mo ti ń fò kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé bí dókítà ní ọ́fíìsì bá kàn fura sí àìsàn kan, a kò gbọ́dọ̀ kọ kóòdù rẹ̀, bí kò ṣe ti àmì tí aláìsàn ní, bí àyà dídùn. Òfin yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé àìsàn tí a bá ṣèèṣì kọ mọ́ ènìyàn lè bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn.

Nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan, ìyá àgbàlagbà kan wá nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Èmi ni mo ràn wọ́n lọ́wọ́ láti jókòó, mo sì mọ̀ pé ti òsì ni, ṣùgbọ́n dókítà kò kọ ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́. N kò fi ojú ara mi kún ìwé. Mo gbé e padà fún dókítà, wọ́n kọ òsì sí i, mo sì wá kọ M25.562, kóòdù orúnkún òsì tó ń dunni, sórí CMS-1500, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò.