Ọ̀dà Dúdú Ló Fi Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Mi Ṣòfò

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko àti tùúbù ọ̀dà 37 ml méjì ló bá omi lọ lórí àwòrán yìí, inú ṣì ń bí mi. Ojú obìnrin kan ni mo kùn: awọ ara lápá ọ̀tún, igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lápá òsì, 80 sẹ̀ǹtímítà sí 100. Ní Kétu tiwa yìí, bí ẹ bá ya Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí kò jọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọmọdé pàápàá á fi yín rẹ́rìn-ín.

Títẹ́ kánfáàsì àti fífi pẹ́ńsù ya ojú, ẹ mọ ìyẹn. Ẹ ṣáà fi gesso, ọ̀dà funfun tí a fi ń tẹ́ ojú kánfáàsì, kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ máa fi sáńpépà tó kúnná ha á láàárín. Bí ojú òwú aṣọ bá hàn lábẹ́ awọ, àṣírí tú.

Igi tó ti gbó máa ń dúdú, mo bá fi noir d'ivoire, ọ̀dà dúdú inú tùúbù, tẹ́ ìsàlẹ̀, mo tún da òróró línsíìdì sí i kó lè yọ̀. Noir d'ivoire wà lára àwọn ọ̀dà tó ń pẹ́ gbẹ jù, òróró wá tún fà á sẹ́yìn. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà sára tó fi ń le. Okúdù la wà, mo ti fèrèsé pa nítorí òjò, afẹ́fẹ́ tí ọ̀dà nílò gan-an ni mo sé mọ́ta. Lọ́jọ́ kẹjọ mo fi èékánná kàn án, kò lẹ̀. Awọ lásán ló bò ó lójú, inú ṣì rọ̀. Mo fi terre d'ombre, ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ya ojú ọ̀bẹ agbẹ́gilére sí i lórí. Tòkè gbẹ kíákíá, tìsàlẹ̀ ń sún, ló bá sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ilẹ̀ àkúrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Terre d'ombre brûlée, èyí tí wọ́n ti yan nínú iná, ni kí ẹ fi sísàlẹ̀, èròjà manganese inú rẹ̀ ń mú un yára gbẹ. Térébéntínì nìkan ni kí ẹ fi pò ó. Òróró díẹ̀ ní ìpele kejì, kó pọ̀ díẹ̀ sí i ní ìkẹta. Dúdú igi náà wá ńkọ́? Terre d'ombre yẹn àti bulu outremer ni. Ó jinlẹ̀ ju ti inú tùúbù lọ.

Ẹyinjú nìkan ni mo lè fọ́nnu lé. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 0 kán blanc de titane, ọ̀dà funfun, tíńtín sí ojú ọ̀tún kó lè tàn. Ti òsì, n ò fi nǹkan kan sí i: igi kì í ní omi lójú.

Fáníìṣì tí a fi ń bo ojú àwòrán di oṣù mẹ́fà sí i, kí ọ̀dà lè gbẹ dénú. Ẹni tó rà á ń pè mí lójoojúmọ́. Kó máa pè.