Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Ayé Mẹ̀kúnnù Nínú Géèmù Akọni

Púpọ̀ nínú àwọn géèmù tí ayé inú wọn fẹ̀, tí ènìyàn lè rìn káàkiri inú wọn bí ó bá ṣe wù ú, ni ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé akọni ni ẹni tí ó jókòó tì wọ́n. Nínú Skyrim, tí ilé-iṣẹ́ Bethesda gbé jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2011, a kò tíì ṣe ohun kan tí dírágónì ti ń jó ìlú mọ́ wa lórí, kì í sì í pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń rán wa lọ sínú ihò òkú. Síbẹ̀, ọjà wà nínú ayé yẹn, oko wà, àgbẹ̀dẹ wà, ilé èrò wà, àwọn tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ a sì máa jí lówùúrọ̀, wọn a ṣiṣẹ́, wọn a jẹun, wọn a lọ sùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí mẹ̀kúnnù, tí yóò máa ṣòwò, tí yóò máa sanwó ibùsùn, tí yóò sì máa sáré wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Skyrim ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí pé nínú àwọn tí mo mọ̀, òun ni ó gba irú eré yìí mọ́ra jù.

Iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan ojú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan tún imú àti irun ẹ̀dá wọn ṣe, nígbà tí wọ́n bá sì wọ inú géèmù tán, wọn kò mọ ohun tí ẹni náà ń jí ṣe láàárọ̀. Ẹ wo àwọn tí ó wà ní àyíká wa. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹnìkan ń hun òfì ní Ìlọrin, kí ẹ tó fojú kàn án rárá ni ẹ ti lè sọ ibi tí ó ń jókòó sí, ohun tí ó ń rà kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dí nítorí ìgbéyàwó àti ọdún Iléyá, àti ibi tí ó máa ń ro ó lára bí alẹ́ bá lẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú àwọn ìyá tí ń mọ ìkòkò ní Dada, ní Ìlọrin kan náà: ẹni tí kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn mọ̀ pé ọjọ́ tí òjò bá ṣú kì í ṣe ọjọ́ tí wọn ó sun ìkòkò. Iṣẹ́ ni ó ń fún ènìyàn ní ọ̀nà tí ó ń tọ̀, ẹni tí ó ń bá dọ́rẹ̀ẹ́ àti ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Orúkọ pàápàá lè tẹ̀ lé e, torí ọmọ ọdẹ tí ń jẹ́ Ọdẹ́wálé kò nílò ìtàn gígùn mọ́.

Skyrim kò ní òfì híhun, kò sì ní ìkòkò mímọ, nítorí náà ẹ ó ní láti mú nínú àwọn iṣẹ́ tí ó ní: àgbẹ̀dẹ, awọ ṣíṣe, kùsà wíwà, igi lílà, oko, ọdẹ, oúnjẹ sísè, egbòogi, àti ẹja pípa tí wọ́n fi kún un ní ọdún 2021. Èmi kì í gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kí ó ṣe alágbẹ̀dẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ń sáré mú, torí kò ní pẹ́ tí irin tí ó ń rọ yóò fi di ẹ̀wù ogun lára òun fúnra rẹ̀, tí ọwọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un fún ìjà. Oko dára, pàápàá ní ẹ̀yìn odi Whiterun, ìlú ńlá kan nínú Skyrim, níbi tí àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Severio Pelagia ti máa ń ra ohun tí ẹ bá kórè lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ó tètè ń sú ènìyàn. Lójú tèmi, lẹ́kulẹ́jà ni ó dára jù. Iṣẹ́ náà ń mú kí ènìyàn rìn, kí ó sì máa wo ilẹ̀ bí ó ti ń rìn. Ewé tí kò bá mọ̀, ó lè fi kan ẹnu, géèmù yóò sì fi agbára àkọ́kọ́ tí ewé náà ní hàn án. Bí ó bá po àlìkámà mọ́ òdòdó aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní blue mountain flower, oògùn tí ń mú ara padà bọ̀ sípò ni yóò rí, ọjà rẹ̀ kì í sì í kùtà.

Ẹ jẹ́ kí a pe lẹ́kulẹ́jà tiwa ní Àbẹ̀ní. Riverwood ni ó ń gbé, abúlé kan lẹ́bàá odò tí kò jìnnà sí Whiterun, ó sì ń sùn ní ilé èrò ibẹ̀ ní wúrà 10 fún òru kan. (Obìnrin tí ó ni ilé èrò náà ní àṣírí tirẹ̀ nínú ìtàn akọni, ṣùgbọ́n èyí kò kan Àbẹ̀ní.) Òfin àkọ́kọ́ tí mo fi lélẹ̀ fún un ni pé kò gbọdọ̀ tajà lójoojúmọ́. Ọrún-ọrún ni ó ń ná ọjà, bí àwọn ìyá wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti máa ń ná an: yóò já ewé, yóò tọ́jú rẹ̀, nígbà tí ọjọ́ ọjà bá pé ni yóò di ẹrù lọ sí Whiterun, tí yóò po oògùn rẹ̀ nídìí tábìlì tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù Arcadia, obìnrin tí ń ta oògùn níbẹ̀, tí yóò sì tà á fún un lójú ẹsẹ̀. Òfin yìí bá bí géèmù náà ṣe ń ṣiṣẹ́ mu. Owó tí ó máa ń wà lọ́wọ́ oníṣòwò kọ̀ọ̀kan kì í pọ̀, ó sì máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ méjì inú géèmù kí ó tó kún padà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń lọ lójoojúmọ́ yóò kàn máa bá àpò òfo. Púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù sì ń ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n a ti ní aago mẹ́jọ alẹ́, nítorí náà ẹni tí ó bá sùn jù ní ọjọ́ ọjà ti pàdánù nìyẹn.

Àkókò ni ohun tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ lé lórí. Odindi ọjọ́ kan nínú Skyrim kò ju ìṣẹ́jú 72 tiwa lọ, nítorí pé aago inú rẹ̀ ń sáré ní ìlọ́po 20. Bí ẹ bá yọ wákàtí mẹ́jọ tí ẹ̀dá yín yóò fi sùn, èyí tí yóò kọjá lójú yín kíákíá, ìṣẹ́jú 48 ni ó kù fún gbogbo iṣẹ́ òòjọ́, ó sì kéré fún ẹni tí ń rìn bí ènìyàn tí kò sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lórí kọ̀ǹpútà, Caps Lock ni ẹ ó tẹ̀ kí eré sísá lè di rírìn. Bọ́tìnnì tí ó wà lábẹ́ Esc yóò ṣí ibi tí ẹ ti lè kọ set timescale to 10, ọjọ́ kan yóò sì di ìṣẹ́jú 144. Ẹ má ṣe fà á gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, torí bí aago inú géèmù bá ń rìn bákan náà pẹ̀lú tiwa, ẹ lè jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí Àbẹ̀ní tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí ẹ bá ti tún aago ṣe, ẹ yan ohun mẹ́ta péré tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ lóòjọ́: ìgbà jíjí, ìgbà oúnjẹ, àti ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ ti wọ abúlé. Ẹni tí ó bá to gbogbo wákàtí lẹ́sẹẹsẹ bí ti ilé ẹ̀kọ́ yóò sá kúrò nídìí eré náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Igi ni ó máa ń ba ètò owó jẹ́. Ẹ lè la igi ní Riverwood, kí ẹ sì tà á fún àwọn tí ó ni ilé ìlagi ibẹ̀ ní wúrà 5 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í sọ pé ó tó. Ẹyọ méjì ti san owó ibùsùn. Ẹyọ 1,000 ti tó ra ilé tí wọ́n ń ta ní wúrà 5,000, ènìyàn sì lè là á láìkúrò lójú kan. Ẹ fi ìdíwọ̀n sí i fúnra yín. Ẹyọ mẹ́fà lóòjọ́ jẹ́ wúrà 30. Bí 10 bá lọ sórí ibùsùn, tí 10 lọ sórí oúnjẹ, 10 ni yóò kù láti fi pamọ́, ilé yóò sì gba ọjọ́ 500. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti kọ́lé ní Ìlọrin láìní ẹ̀gbọ́n ní òkè òkun yóò gbà pé ìṣirò yìí kò le jù. Oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ di dandan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi kì í pa ẹ̀dá kankan nínú Skyrim bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé e jáde. Nínú Special Edition, ẹ̀dà Skyrim tí wọ́n tún ṣe, ẹ lè tan Survival Mode, tí yóò mú ebi, òtútù àti àárẹ̀ wọ inú géèmù, tí yóò sì pa ọ̀nà àbùjá orí máàpù, èyí tí ń gbé ènìyàn dé ìlú mìíràn lójú ẹsẹ̀, dé. Èyí nìkan ṣe ju gbogbo òfin tí èmi lè kọ lọ.

Mẹ̀kúnnù a máa bẹ̀rù. Bí ìkookò bá yọ lójú ọ̀nà, kí Àbẹ̀ní sá tọ ẹ̀ṣọ́ lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ó má jáde mọ́. Bí ìrìn bá jìn, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin wà lẹ́nu odi Whiterun tí ń gbé èrò lọ sí àwọn ìlú ńlá. Ó sì lè fi wúrà 500 háyà Jenassa, tí ó máa ń wà ní ilé ọtí Drunken Huntsman, kí ó máa sìn ín lọ, bí àwọn alájàpá tí ń ti Ìlọrin ná ọjà òkè Ọya láyé àtijọ́ kì í ti í dá ọ̀nà rìn. Ìlú tí wọ́n ń kì pé ẹṣin ni eégún ilé wọn kò ní dá mi lẹ́bi bí mo bá fi kún un pé ẹṣin wà ní ilé ẹṣin Whiterun ní wúrà 1,000, àti pé mẹ̀kúnnù tí ó fi sùúrù kó owó jọ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí ẹ̀dá yín bá kú, ẹ má ṣe kàn padà sẹ́yìn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀: ẹ kà á sí pé ó fara pa, kí ó dùbúlẹ̀ ní ilé èrò fún ọjọ́ mẹ́ta, kí owó ibùsùn àti ti oògùn sì jáde nínú àpò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé dírágónì kì í bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri ilẹ̀ náà àfi bí ẹ bá jẹ́ iṣẹ́ tí ọba Whiterun rán yín. Nígbà tí ẹ bá kúrò ní Helgen, ìlú tí dírágónì jó níbẹ̀rẹ̀ eré, wọn yóò ní kí ẹ lọ jíṣẹ́ fún un. Ẹ lè gbọ́ ọ tán kí ẹ má sì lọ, kò sí ẹni tí yóò wá yín wá. Lucan tí ń tajà ní Riverwood yóò sọ fún yín pé wọ́n jí èékánná wúrà òun. Ẹ bá a kẹ́dùn, kí ẹ máa bá tiyín lọ, nítorí pé inú ihò òkú kan náà tí ọba Whiterun ń ránni lọ ni ọ̀rọ̀ náà ń mú ènìyàn lọ. Ohun tí ẹ ó pàdánù ni ilé inú Whiterun, torí wọn kì í tà á fún ẹni tí kò bá jẹ́ iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Ilẹ̀ tí ènìyàn lè kọ́lé sí wà ní Falkreath, ìlú mìíràn, ní wúrà 5,000, láti ìgbà tí àfikún géèmù tí ń jẹ́ Hearthfire ti jáde ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n ọba ibẹ̀ náà yóò kọ́kọ́ rán yín lọ bá àwọn ọlọ́ṣà jà. Èmi rò pé kí ẹ máa gbé ilé èrò lọ ni ó sàn jù, torí ẹni tí ń sanwó ibùsùn lálaalẹ́ kò lè ṣàìṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí Helgen rárá lè fi mod (àfikún tí àwọn tí ń ta géèmù náà ṣe fúnra wọn) tí ń jẹ́ Alternate Start – Live Another Life sí i.

Ìwọ̀n ẹrù tí ẹ̀dá tuntun lè gbé jẹ́ 300, èyí tí í ṣe ẹrù ìbaaka. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá 100. Ẹ wọ inú ètò ìfihàn, kí ẹ rẹ àwọn àmì ojú géèmù sílẹ̀ títí tí kọ́ńpáàsì kò fi ní hàn mọ́, kí ó lè jẹ́ pé odò àti òkè ni ẹ ó máa fi mọ̀nà.

Iṣẹ́ tí a lè jẹ́ kò tán nítorí pé a kì í ṣe akọni. Adrianne, obìnrin alágbẹ̀dẹ tí ó wà lẹ́nu odi Whiterun, yóò bẹ̀ yín kí ẹ bá òun gbé idà kan fún bàbá òun láàfin. Irú iṣẹ́ tí aládùúgbò ń jẹ́ fún aládùúgbò nìyẹn, òun náà sì ni kí ẹ máa wá. Lẹ́yìn eré ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlà mélòó kan sínú ìwé ní Yorùbá, ohun tí Àbẹ̀ní rí tà, ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ohun tí ó gbọ́ ní ilé èrò. Kí ó jẹ́ ohùn tirẹ̀, ohùn ìyá ọlọ́jà tí ń ṣírò owó.

Ní ti iná mànàmáná, ẹ jẹ́ kí òru inú géèmù jẹ́ ibi tí ẹ ó máa dúró sí: bí Àbẹ̀ní bá ti dùbúlẹ̀, géèmù yóò ti pa ibi tí ẹ dé mọ́, bí NEPA bá sì mú iná lọ, ìdí ibùsùn rẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé géèmù tí a ti ń gba bọ́ọ̀lù ní Tanke, ní Ìlọrin, kò yẹ fún irú eré yìí, nítorí pé ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà níbẹ̀. The Witcher 3 náà kò yẹ fún un, bí ó ti dára tó, torí Geralt, ẹni tí ẹ ó jẹ́ nínú rẹ̀, ti ní iṣẹ́ àti orúkọ kí ẹ tó dé. Ẹni tí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kò bá lè gbé Skyrim lè gbìyànjú Oblivion ti ọdún 2006, tàbí Morrowind ti ọdún 2002, tí ó fúyẹ́ jù. Morrowind kò ní ọ̀nà àbùjá orí máàpù rárá, lẹ́kulẹ́jà ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ra odó àti ọmọ odó tirẹ̀, kí ó máa gbé wọn kiri. Ní Seyda Neen, níbi tí eré ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sanwó fún ẹranko gíga tí ń gbé èrò, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Balmora, kí ẹ sì wá ibùsùn kí ẹ tó wá ohun mìíràn.