Ẹ má fi "preach" dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ló jẹ́ kí n fojú sí ọ̀rọ̀ yìí. Oníbàárà rẹ̀ kan tó wà nílùú òyìnbó kọ̀wé sí i lórí fóònù pé kó jọ̀ọ́, kó máa fi ìwé pélébé kan sínú ẹrù, tí yóò sọ bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ aláró kó má baà kun aṣọ mìíràn. Inú ìyá dùn, ó ní kí ọmọ òun bá òun dá a lóhùn. Ọmọ tẹ̀ ẹ́ pé: "Thank you for preaching to me." Òyìnbó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tó máa fọhùn, ẹ̀bẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, pé òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun máa bí màmá nínú.

Wọ́n gbé fóònù wá bá mi ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, níbi tí mo ti ń tẹ lẹ́tà, tí mo sì ń bá èèyàn tún Gẹ̀ẹ́sì wọn ṣe. Mo bi ọmọ náà pé kí ló fẹ́ sọ gan-an. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣebí wọ́n wàásù fún màmá ni?"

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọ̀rọ̀ iyì ni "wàásù" lẹ́nu wa. Èdè Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀ wá, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Hausa kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, onígbàgbọ́ náà sì gbà á lò láìjanpata. Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ṣagbátẹrù rẹ̀ ní ká máa wàásù ìhìnrere fún gbogbo ẹ̀dá. Àtààfáà àti pásítọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

"Preach" náà ò lẹ́bi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. "The bishop preached on Sunday", kò sẹ́ni tó máa bínú. Àmọ́ bó bá ti jáde sí ìgboro báyìí, ó di pé ẹnì kan gun orí òkè, ó ń fi ìwà mímọ́ rẹ̀ yọ àwọn tó kù lẹ́nu. "Sermonise" tún burú jù ú lọ. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi yin èèyàn.

Ẹnì kan á ní, àwa náà kọ́ la máa ń sọ pé "Má wàásù fún mi jàre"? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohùn àti "jàre" yẹn ló gbé èébú náà dání. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ló gbé e, ì báà jẹ́ ẹ̀rín lẹ fi ń sọ ọ́, pàápàá nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ti rí ẹ̀rín yín.

Àwọn kan tún máa ń kọ "He preached for me", torí pé "wàásù fún mi" ló wà lọ́kàn wọn. Ohun tí òyìnbó máa gbọ́ ni pé èmi ló yẹ kí n gun àga ìwàásù lọ́jọ́ náà, ó wá bá mi dí i. "To" ló yẹ níbẹ̀. "Preach at" ńkọ́? Ìyẹn ni kí wọ́n máa da ọ̀rọ̀ lé èèyàn lórí bí ẹni da omi.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "admonish". Ẹ wo ìwé ìròyìn wa lẹ́yìn ìgbéyàwó èyíkéyìí: àlùfáà ti "admonish" ọkọ àti ìyàwó. Lójú wa, ó gbà wọ́n níyànjú ni. Etí tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì wa á máa ṣe kàyéfì: ìgbéyàwó ò tíì pé wákàtí kan, kí ni wọ́n ti ṣe tí wọ́n fi ń bá wọn wí? "Advise" tàbí "encourage" ti tó. "Lecture" náà ń ṣe ọmọ oníwèé-ẹ̀rí léṣe nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́: "My former boss lectured me on the machine." Ọ̀gá ò kọ́ ọ níṣẹ́ mọ́, ó bú ọ ni. "Trained me" ni kẹ́ ẹ kọ.

(Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ "Preach!" sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wọn ò jẹ̀bi o. Lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, bí ìjọ ṣe ń gbe oníwàásù lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣáà fi dá ọ̀gá yín lóhùn.)

Fún ìyá aládìrẹ, "Thank you for your advice" la kọ. Ẹ kíyè sí i, kò sí "s" nídìí "advice", bí ìmọ̀ràn náà tilẹ̀ tó ogún. Òyìnbó dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú, inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún fi ìmọ̀ràn mẹ́fà mìíràn kún un: lórí ọ̀rá, lórí fọ́tò, lórí bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ìkarùn-ún, wọ́n mí kanlẹ̀.

Ọmọ wọn wojú mi. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n wá kọ ọ́ báyìí?"