Eku Ọlọ́mú Púpọ̀: Ohun Tí Àgbẹ̀ àti Onílé Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Eku tí à ń wí yìí kì í ṣe òkété, kì í sì í ṣe eku gọ́tà. Eku kékeré inú koríko ọ̀dàn ni, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní, ó sì wà káàkiri Áfíríkà níhà gúúsù Sàhárà. Mastomys natalensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọmú ara abo rẹ̀ lè tó 24. Oyún rẹ̀ kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó sì lè bí ọmọ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí pípa ọ̀kan méjì kì í fi í tu irun kan lára wọn. Oúnjẹ ni ká mú kúrò níwájú wọn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a ti kórè tán, tí iná sì ti jó igbó, abà àti ilé ni wọ́n ń sá wọ̀. Àwọn ló ń gbé ibà Lassa kiri, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa, ní Borno, lọ́dún 1969. Àrùn náà kì í ṣe eku fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan, ara rẹ̀ le koko. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó àrùn náà ràn wá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni láfún àti èlùbọ́ tí a ń sá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì. Ìtọ̀ eku kì í hàn lórí láfún tó bá ti gbẹ. Ẹ kan pẹpẹ gíga, kí ẹ sì kó o wọlé kílẹ̀ tó ṣú, torí òru ni eku yìí ń jẹ̀. Inú ike tó ní ìdérí tó há ni kí gàrí wà. Eku a máa gé àpò. Ẹ wé páànù mọ́ ẹsẹ̀ àká níbi tó ga tó ìbàdí èèyàn, kí etí rẹ̀ na síta. Ẹ ro koríko àyíká rẹ̀.

Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ń wọ imú. Ẹ wọn omi oníbílíìṣì sí i, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó nù ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa pa á jẹ: níbi tí wọ́n ti ń làá nínú ni ẹ̀jẹ̀ ti ń kan ọwọ́. Ẹ má sì pa òwìwí. Mo mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa rẹ̀, àmọ́ eku yìí gan-an ló ń pa jẹ lóru.

Lẹ́yìn ọjọ́ 2 sí 21 ni àìsàn náà ń fara hàn: ibà tí oògùn ibà kò ràn, ọ̀fun dídùn, èébì. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde. Ẹ tètè lọ sí ọsibítù, ẹ sì sọ fún dókítà pé eku wà nílé. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ àti èyí tó wà ní Irrua, ní Edo, ń tọ́jú rẹ̀.