Gbígbé ìrìn kámẹ́rà láti Blender lọ sínú Maya

Ká ní ẹ ya àwọn òrùlé páànù ìsàlẹ̀ láti orí Olúmọ, ẹ sì fẹ́ kí ẹyẹ tí ẹ ṣe nínú Maya bà lé ọ̀kan láì yọ̀ kúrò lójú kan. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D ni Blender àti Maya. Blender la ó fi tọ ipasẹ̀ kámẹ́rà, ìyẹn ni pé òun ló máa ṣírò bí kámẹ́rà ṣe rìn.

Kí ẹ tó yà á, ẹ pa stabilization inú fóònù, ohun tó ń dín gbígbọ̀n fídíò kù. Ńṣe ló ń gé etí fírémù (àwòrán ẹyọ kan nínú fídíò) kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ Blender gbà pé ojú kan náà ni àárín lẹ́ńsì wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ máa rìn bí ẹ ti ń yà á. Ẹni tó dúró gbagidi, tó kàn ń yí kámẹ́rà, kò fún Blender ní ohun tó máa fi mọ èyí tó sún mọ́ yàtọ̀ sí èyí tó jìnnà. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fídíò di àwòrán PNG, fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí iye fírémù fóònù kì í dúró sójú kan.

Ẹ ṣí wọn nínú Movie Clip Editor, ẹ tẹ Set Scene Frames, ẹ sì fi Frame Rate sí 25. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé lẹ́ńsì fóònù jẹ́ mílímítà 26, ìṣirò fíìmù ayé àtijọ́, tó fẹ̀ tó mílímítà 36, ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé 36 lẹ máa kọ sí Sensor Width.

Yíyan ojú àmì, ìyẹn ojú ibi tí Blender máa tọ láti fírémù dé fírémù, ló ń jẹ àkókò jù. Mẹ́jọ ni Blender ń béèrè ó kéré tán. Ẹ mú tó ogún, lọ́nà jíjìn àti nítòsí. Àbààwọ́n ara àpáta dára, igun òrùlé náà dára. Àdìrẹ tí wọ́n sá kò dára, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Ibi tí etí òrùlé kan ti dábùú èkejì ló ń tanni jẹ jù: ó jọ igun, àmọ́ kò sí ibẹ̀ láyé, bí ẹ bá ti ṣípò ni òun náà á ṣípò. Ìlà páànù jọra wọn, àmì a máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ẹ fẹ àpótí àmì náà títí ó fi kó ojú ibi tó dógùn-ún mọ́ra.

Ẹ tẹ Solve Camera Motion, kí Blender ṣírò ìrìn kámẹ́rà. Solve Error (iye píksẹ́lì tí ìṣirò náà fi ṣìnà) tó bá ju 1 lọ kò ṣe é lò; ẹ pa àmì tí àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ jù, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ tẹ Setup Tracking Scene, ẹ mú àmì mẹ́ta lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú fún Floor, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ ti fi téèpù wọ̀n ṣe Set Scale.

Lórí kámẹ́rà, nínú Camera Solver, ẹ tẹ Constraint to F-Curve, kí ìrìn náà lè di kókó (keyframe) ti kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ẹ wá gbé e jáde ní FBX, irú fáìlì tí Maya lè ṣí.

Kí ẹ tó kó o wọ Maya, ẹ yí iye fírémù Maya ní ìṣẹ́jú àáyá kúrò ní 24 sí 25. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó wà ní fírémù 100 á bọ́ sí 96: ìbẹ̀rẹ̀ á gún régé, ẹyẹ á máa yọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí kámẹ́rà bá yára nìkan ni ẹyẹ ń gbọ̀n, àwòrán ẹ̀yìn (àwọn PNG tí ẹ tẹ́ sẹ́yìn ẹyẹ nínú Maya) ló fi fírémù kan ṣáájú tàbí tó fi kan rẹ̀yìn. Mítà 2 tó di 200 kì í ṣe àṣìṣe, sẹ̀ǹtímítà ni Maya ń kà. Ìdí nìyẹn tí Far Clip Plane (ibi tí ojú kámẹ́rà Maya mọ) 10000 fi jẹ́ ọgọ́rùn-ún mítà péré. Ẹyẹ tó bà lé òrùlé tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ á pòórá, àfi tí ẹ bá fi òdo kan kún un.