Ògiri tó ń rin nílé bàbá wa ti gbẹ o
Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ògiri yẹn ti yanjú. Ilé bàbá bàbá wa n'Íbàdàn ni, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, a ò sì ríbi kó lọ, inú ẹ̀ náà la wà táa fi ń tún un ṣe, yàrá kan lẹ́yìn ìkan, ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì sìmẹ́ńtì.

Yàrá màámi ló dùn mí jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kun ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀, tójò bá ti dé báyìí, ọ̀dà á wú, á máa bọ́ bí èèpo. Bíríkìlà àkọ́kọ́ ní ká tún fi sìmẹ́ńtì tó nípọn rẹ́ ẹ, owó yẹn kàn wọgbó ni. Ìgbà tí mo wá fìka ha á, amọ̀ tó wà lẹ́yìn sìmẹ́ńtì rọ̀ bí ẹ̀kọ, omi ló há síbẹ̀ tí ò rọ́nà jáde.

Ìta gan-an lẹjọ́ wà: iyẹ̀pẹ̀ ti ga kọjá ìpìlẹ̀, omi òrùlé sì ń já sídìí ògiri. A kó iyẹ̀pẹ̀ yẹn kúrò, a la gọ́tà, a fi páànù sún etí òrùlé síta. Lẹ́yìn náà la wá họ sìmẹ́ńtì yẹn dé bí ẹsẹ̀ bàtà 3, a fi sílẹ̀ níhòhò títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí, pálọ̀ ni màámi ń sùn ní gbogbo ìgbà yẹn, ká tó fi amọ̀ pẹ̀lú yanrìn rẹ́ ẹ padà. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì bo ilé amọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́.

Òjò ńlá méjì ti rọ̀, mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀ yìí, ó gbẹ táútáú.